Sòbìà Kì í Yọ ní Ọjọ́ tí A Mu Omi: Ìrònú Lámèyítọ́ nínú Ẹ̀kọ́ Ìṣàkóso Eré Ìdárayá



Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé onímọ̀ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí ìṣàkóso eré ìdárayá. Èmi kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù, n kò sì ṣe rẹfirí rí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní orúkọ nínú èdè wa, orúkọ náà sì ni lámèyítọ́. Lámèyítọ́ ni ẹni tí ó ń yẹ iṣẹ́ ọnà wò fínnífínní kí ó tó sọ èyí tí ó dára níbẹ̀ àti èyí tí ó kù díẹ̀ káàtó, tí ó sì gbọ́dọ̀ lè tọ́ka sí ibi tí ó ti rí ohun tí ó wí. Bí ó bá ní ìtàn kan kò dán mọ́rán, a óò bi í pé, "Ojú ìwé wo? Ọ̀rọ̀ wo?" Bí kò bá rí èsì fọ̀, ìdájọ́ rẹ̀ ti di òfo. Ohun tí mo ń pè ní ìrònú lámèyítọ́ nínú ẹ̀kọ́ yòówù kò ju èyí lọ: kí ènìyàn máa béèrè ohun tí a fi mọ̀ kí ó tó gba ọ̀rọ̀ gbọ́, pàápàá jùlọ bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ tirẹ̀.

Ó yẹ kí a tètè ya lámèyítọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára aláríwísí. Gbogbo wa ni aláríwísí nígbà tí a bá ń wo bọ́ọ̀lù. Bí ẹgbẹ́ wa bá pàdánù, kí a tó délé ni a ti mọ ẹni tí ó jẹ̀bi: akọ́nimọ̀-ọ́n-gbá ni, tàbí aṣọ́lé, tàbí rẹfirí tí a gbà pé wọ́n ti fún ní owó. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí fún òǹwòran tí ó fi owó rẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ara ìgbádùn eré ni. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí owó ẹgbẹ́ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, tí oúnjẹ òòjọ́ ogún ọ̀dọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wà lẹ́nu ọ̀kọ̀ọ̀ ìkọ̀wé rẹ̀, bá ń ronú bí òǹwòran, ọ̀ràn ti dé nìyẹn. Bí yunifásítì ṣe lè kọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kí ó lè kúrò ní ipò òǹwòran ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Ẹ̀kọ́ ìṣàkóso eré ìdárayá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ tí ó dá dúró kò tíì pẹ́ láyé. Ní 1966 ni Ohio University ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oyè kejì nínú rẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, abẹ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ eré ìdárayá àti ìlera ni a ti ń kọ́ ọ jùlọ. Akẹ́kọ̀ọ́ a máa kọ́ nípa ìṣirò owó, òfin ìdíje, ìtọ́jú pápá, ìpolówó ọjà àti ètò ìrìn-àjò ẹgbẹ́. Gbogbo ìwọ̀nyí dára, kò sì sí ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ náà láìsí wọn. Irinṣẹ́ ni wọ́n. Ẹni tí ó ní ọkọ́ àti àdá kò tíì di àgbẹ̀ títí yóò fi mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó fi èso sílẹ̀ lórí igi.

Ohun tí ojú rí ní Ìdèrè

Kí a tó dé orí pápá, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yà sí Ìdèrè. Àwọn àgbà tí ó wà níhìn-ín kò nílò kí ẹnikẹ́ni júwe sòbìà fún wọn. Aràn gígùn ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, a máa lé ìléròrò sí ẹsẹ̀, a sì máa yọ jáde díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ìrora fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, nígbà mìíràn ní àkókò tí iṣẹ́ oko ń pe ènìyàn gan-an. Ìdèrè wà lára àwọn ìlú tí àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn ti ṣe ìwádìí àrùn náà jinlẹ̀. Ohun tí ó mú iṣẹ́ wọn le ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbà pé omi mímu ni ó fà á. Èrò àwọn kan ni pé inú ara ènìyàn ni sòbìà ti wà tẹ́lẹ̀, bí iṣan ti wà níbẹ̀, àti pé ìgbà tí ó bá tó ni yóò jáde.

Àwọn tí ó rò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀. Ẹ wo bí ọ̀ràn náà ti rí. Ènìyàn mu omi adágún tí kòkòrò kéékèèké wà nínú rẹ̀, àwọn kòkòrò náà sì gbé ọmọ aràn mì. Inú kò run ún, orí kò fọ́ ọ. Nǹkan bí ọdún kan gbáko yóò kọjá kí aràn náà tó yọ. Ta ni yóò rántí ife omi tí ó mu ní èṣí? Ohun tí ó fa ọ̀ràn ti jìnnà sí àbájáde rẹ̀ débi pé ojú lásán kò lè so méjèèjì pọ̀. Àfi bí a bá kọ orúkọ àwọn tí ó ń mu omi kànga sílẹ̀, tí a kọ ti àwọn tí ó ń mu omi adágún, tí a sì padà wá wo ẹsẹ̀ gbogbo wọn ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Nígbà tí a wá àwọn tí ó ní àrùn náà kiri jákèjádò Nàìjíríà ní ìparí àwọn ọdún 1980, iye wọn lé ní 650,000. Kò sí oògùn tí ó ń pa á nínú ara, kò sì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi, kànga tí ó mọ́, oògùn tí a ń dà sí adágún, àti kí a má jẹ́ kí ẹni tí sòbìà ń yọ lára rẹ̀ wọ inú omi mímu, ìwọ̀nyí ni a fi borí rẹ̀. Ní 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ sòbìà.

Àwọn baba wa ní kí sòbìà tó degbò ni kí a ti ké sí Olúgànbe. Mo fi ọ̀wọ̀ fún àwọn tí ó pa òwe náà, ṣùgbọ́n ó jọ mí lójú pé òwe náà gan-an kò tíì lọ jìnnà tó. Bí a tilẹ̀ ké sí Olúgànbe ní ọjọ́ tí ara kọ́kọ́ ń yún wa, ọdún kan ti kọjá lórí omi tí a mu.

Eré ìdárayá jọ sòbìà lọ́nà yìí. Góòlù tí ó wọlé ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, gbogbo ènìyàn ni ó rí i. Ṣùgbọ́n owó oṣù tí a kò san láti oṣù mẹ́rin, pápá tí a kò tún ṣe, ọmọ tí a mú sínú ẹgbẹ́ nítorí lẹ́tà tí ènìyàn ńlá kọ, àwọn èwe tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ta ni ó rí wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà? Ẹni tí ó wà nítòsí ni ẹjọ́ ń ba. Ìdí nìyẹn tí a fi ń lé akọ́nimọ̀-ọ́n-gbá tí ó dé ní oṣù tí ó kọjá nítorí omi tí ẹlòmíràn bu fún ẹgbẹ́ mu.

Ẹgbẹ́ tí a tú ká

Shooting Stars ti Ìbàdàn kì í ṣe àlejò ní Ìbàràpá. Ní 1976, nígbà tí wọ́n ń jẹ́ IICC, wọ́n gba ife àwọn ẹgbẹ́ tí ó gba ife ní orílẹ̀-èdè wọn. Àwọn sì ni ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà kankan. Ní 1984, wọ́n dé ìdíje àṣekágbá ti ife tí ó tún ga ju ìyẹn lọ, èyí tí àwọn ẹgbẹ́ tí ó borí nínú líìgì orílẹ̀-èdè wọn ń dù. Zamalek ti ilẹ̀ Íjíbítì nà wọ́n ní Cairo, ó sì tún nà wọ́n nígbà tí wọ́n gbà á lálejò. Eré yẹn ni Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí fi ṣe ìdágbére. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí ó ni ẹgbẹ́ náà, tú u ká.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ìpinnu yìí wò bí lámèyítọ́ ti ń yẹ ìwé wò. Ohun tí ó wà lójú ìwé ni pé ẹgbẹ́ pàdánù, a sì tú u ká. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò kọ sílẹ̀ pọ̀ ju èyí tí a kọ lọ. Kí irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ tó lè dúró, a ní láti kọ́kọ́ gbà pé àṣìṣe ni kí ènìyàn pàdánù ní àṣekágbá. Nínú gbogbo ẹgbẹ́ tí ó wọ ìdíje náà láti òpin kan Áfíríkà dé èkejì, ẹyọ kan ṣoṣo ni ó ṣe dáadáa jù wọ́n lọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gba ipò kejì ní kíláàsì tí ó kún fọ́fọ́, ṣé a ó lé e kúrò nílé ìwé? A tún ní láti gbà pé, bí àṣìṣe bá tilẹ̀ wà, ọ̀dọ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù ni ó wà, kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ṣètò wọn. Nítorí àwọn agbábọ́ọ̀lù ni a tú ká, kì í ṣe ọ́fíìsì. Lẹ́yìn náà ni a ó wá gbà pé àwọn tí ń bọ̀ yóò dára ju àwọn tí ń lọ. Rashidi Yekini wà lára àwọn tí ó gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ yìí ní àwọn ọdún náà. Òun ni ó jẹ góòlù àkọ́kọ́ fún Nàìjíríà nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, ní 1994.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó já fáfá lè dìde kí ó wí pé, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ dúró ná. Ní 1992 ẹgbẹ́ yìí kan náà gba ife CAF, ní ọdún àkọ́kọ́ tí a dá ife náà sílẹ̀. Ṣé títú tí wọ́n tú wọn ká kọ́ ni ó ṣe wọ́n ní oore?" Ìbéèrè tí ó dára nìyí, kò sì yẹ kí a fi ẹ̀rín lé e lọ. Ọdún mẹ́jọ ni ó wà láàrin méjèèjì. Pé ohun kan tẹ̀ lé òmíràn kò túmọ̀ sí pé èyí àkọ́kọ́ ni ó bí èkejì. Ní 1996 wọ́n tún padà dé àṣekágbá ife ńlá náà, Zamalek ni wọ́n tún bá pàdé, pẹnárítì ni a sì fi yanjú rẹ̀. Wọ́n tún pàdánù. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí títúká náà ṣe, a ní láti tọ ipasẹ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù tí ó lọ, owó tí a ná láti kó àwọn tuntun jọ, àti ìwà àwọn ẹgbẹ́ mìíràn tí ó pàdánù bákan náà tí ẹnikẹ́ni kò tú ká.

Kì í ṣe ìjọba ológun nìkan ni ó ń ronú báyìí. Ní 2010, lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè wa mú àmì ẹyọ kan péré bọ̀ láti inú eré mẹ́ta ní Gúúsù Áfíríkà, Ààrẹ Goodluck Jonathan kéde pé Nàìjíríà kò ní kópa nínú ìdíje bọ́ọ̀lù àgbáyé fún ọdún méjì. FIFA fi ọwọ́ lé ìbàdí, ìjọba sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, ìjọba mìíràn tún yọ orílẹ̀-èdè yìí kúrò nínú ìdíje bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ti àgbáyé fún ọdún méjì nítorí ìjà tí ó wà láàrin àwọn alákòóso rẹ̀. Èyí dùn mí ju ti ìṣáájú lọ. Àwọn obìnrin wa, D'Tigress, ti gba ife Áfíríkà ní 2017, 2019 àti 2021. Wọ́n ti fi òógùn ojú wọn yege fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ti 2022 ní Australia. Nígbà tí ìjọba fi máa yí ọkàn padà ní oṣù Kẹfà, àjọ àgbáyé ti fi Mali rọ́pò wọn. Àgbà ń jà, ọmọ tí kò bá wọn dá sí i ni ó sanwó ìtanràn.

Ó dá mi lójú pé nínú ọ́fíìsì tí a ti ṣe ìpinnu wọ̀nyí, ó ṣe é ṣe kí ẹnìkan wà níbẹ̀ tí ó mọ òfin àjọ àgbáyé dáadáa. Ìmọ̀ kọ́ ni ó wọ́n. Ẹni tí yóò wí pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, kí ni a fi mọ̀ pé èyí yóò tún un ṣe?" ni ó wọ́n.

Bí a ṣe lè kọ́ ọ

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè ti inú kíláàsì tí a ti ń pe ọ̀rọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ jáde. Olùkọ́ ka ìwé rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ dà á kọ, ọjọ́ ìdánwò dé, ó pọ̀ ọ́ padà. Kódà, mo ti rí ìwé tí a kọ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó to àǹfààní ìrònú jinlẹ̀ sí ọ̀nà méje, tí wọ́n sì há a sórí!

Ọ̀nà kan wà tí mo fẹ́ràn, tí a sì lè lò láìná owó. Kí olùkọ́ kó gbogbo ohun tí ó wà nílẹ̀ nípa ọ̀ràn kan jọ, títí dé alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ìpinnu, kí ó sì fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà pamọ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan kọ lẹ́tà ìmọ̀ràn sí gómìnà ti 1984, kí ó sọ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe, ẹ̀rí tí ó ní, àti ohun tí yóò mú un yí ọkàn padà bí ó bá rí i. Ẹ̀yìn èyí ni a óò ṣí ìyókù. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti mọ àbájáde tẹ́lẹ̀, kò ní ronú mọ́. Yóò kàn máa wá ọ̀rọ̀ tí yóò bá àbájáde náà mu. Lẹ́yìn náà kí wọ́n pààrọ̀ ipò. Kí ẹni tí ó gba gómìnà nímọ̀ràn wá sọ̀rọ̀ bí aṣọ́lé tí ó ní ìyàwó àti ọmọ méjì, kí òmíràn jẹ́ akápò, kí òmíràn jẹ́ ìyá tí ń ta àkàrà lẹ́nu ọ̀nà pápá. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni baba wa pè ní àgbà òṣìkà, wọn kò sì yọ gómìnà sílẹ̀.

Ibi tí onímọ̀ lítíréṣọ̀ ti lè wúlò jùlọ ni òwe. A máa ń rò pé òwe ni ó ń pa ẹnu ìbéèrè mọ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òwe wa a máa wá ní méjì-méjì, èyí a sì máa ko èkejì lójú. Bí ẹnìkan bá ní bí ọmọdé ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, ẹlòmíràn yóò dáhùn pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Òótọ́ ni méjèèjì. Ọ̀ràn tí ó wà nílẹ̀ ni yóò sọ èyí tí ó bá a mu, ẹni tí ó bá sì pa òwe ní láti fi hàn pé tirẹ̀ ni ó bá a mu. Kí olùkọ́ fún kíláàsì ní ọ̀ràn kan, bí àpẹẹrẹ agbábọ́ọ̀lù àgbà tí ara rẹ̀ ti ń rẹ̀ ṣùgbọ́n tí àwọn ọmọdé ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu, kí ó sì ní kí ìdajì pa òwe fún dídá a dúró, kí ìdajì pa òwe fún jíjẹ́ kí ó lọ, kí wọ́n sì jà á dé ìdí. Èdè Yorùbá ni ó yẹ kí wọ́n fi ṣe é. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí a rò pé kò lè ronú, èdè tí a fi ń bi í ni kò jẹ́ kí ó lè jiyàn.

Síbẹ̀, jíjiyàn nínú iyàrá kò tó. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ní ètò ìlera àwùjọ ní Ìbàràpá, tí ó fi Igbó-Ọrà ṣe ibùjókòó. Àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn a máa wá gbé níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí wọ́n lè rí i pé àìsàn kì í bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn. N kò rí ìdí tí ẹni tí ń kọ́ ìṣàkóso eré kò fi ní ṣe bákan náà. Kí ó wá sí ibi ìdíje àwọn ilé-ìwé ní Ẹ̀rúwà tàbí Láńlátẹ̀, kí ó ka iye ọmọbìnrin tí ó sáré ní ìwé kìíní àti iye tí ó kù ní ìwé karùn-ún, kí ó sì wá ibi tí àwọn ìyókù lọ dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Kí ó wá síbi Àjọ̀dún Ìbejì tí Igbó-Ọrà ń ṣe láti 2018, kí ó fi ojú ara rẹ̀ ka èrò, kí ó sì fi iye tirẹ̀ wé iye tí àwọn tí ó ṣètò rẹ̀ ń kéde.

Igbó-Ọrà yìí kan náà ní ẹ̀kọ́ mìíràn fún un. Nylander, oníṣègùn láti Yunifásítì Ìbàdàn, ka ìbejì níbẹ̀, ó sì rí nǹkan bí 45 sí 50 ìbejì nínú 1,000 ìbímọ, iye tí ó ga gidigidi. Ọ̀pọ̀ ará ìlú ní ọbẹ̀ ilásà ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a ń jẹ ilásà ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá tí ìbejì kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ìbéèrè kò tíì parí. Akọ́nimọ̀-ọ́n-gbá tí ó ní àdúrà òru ni ó jẹ́ kí òun borí, ọbẹ̀ ilásà ni ó ń sọ. Àwọn tí ó pàdánù ńkọ́, ṣé wọ́n sùn mọ́jú ni?

Àwọn àgbà kan yóò sọ pé ìbéèrè púpọ̀ a máa ba ọmọ jẹ́. Mo mọ ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù, ẹ̀rù náà kì í sì í ṣe asán. Ẹ jẹ́ kí n rán wọn létí 1989. Ní ọdún náà, FIFA fi òfin de Nàìjíríà fún ọdún méjì nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́, nítorí pé ọjọ́ ìbí tí a kọ fún àwọn agbábọ́ọ̀lù kan yàtọ̀ sí èyí tí a ti kọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ti 1991 tí ì bá wáyé ní ilé wa bọ́ sọ́wọ́ Potogí. Àwọn ìwé méjèèjì ti kọjá lórí tábìlì ẹnìkan. Ó ṣe é ṣe kí ẹni náà ti rí ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀, kí ó sì rò pé kì í ṣe ipò òun láti bi ọ̀gá léèrè. Yorùbá kò ṣaláìní ọ̀nà tí ọmọdé fi ń bi àgbà láìrí i fín. "Ẹ forí jì mí sà, ó jọ pé ìwé méjì yìí kò bára mu, èwo ni kí n fi ránṣẹ́?" Gbólóhùn yìí ti tó. Kí a kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ bí a ti ń kọ́ ọ ní ìṣirò owó, kí ó máa sọ ọ́ jáde lẹ́nu ní kíláàsì títí ahọ́n rẹ̀ yóò fi mọ̀ ọ́n.

Ó ku ti ìdánwò. Bí a bá kọ́ni báyìí tí a sì tún ń béèrè ní òpin ọdún pé kí akẹ́kọ̀ọ́ to iṣẹ́ alákòóso lẹ́sẹẹsẹ, a ti fi ọwọ́ ara wa ba iṣẹ́ wa jẹ́, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ a máa kọ́ ohun tí máàkì wà fún. Ìbéèrè tí ó yẹ ni èyí tí èsì rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá kọ̀wé pé ìjọba 1984 ṣe ohun tí ó tọ́, tí ó sì kó ẹ̀rí jọ, tí ó dáhùn ohun tí alátakò rẹ̀ lè wí, tí ó sọ ibi tí ẹ̀rí tirẹ̀ kò lágbára tó, kí olùkọ́ fún un ní máàkì rẹ̀ pé pérépéré, bí ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ ta ko èyí tí mo sọ níhìn-ín lónìí. Ẹni tí ó bá kọ èrò tèmi sílẹ̀ láìfi ohunkóhun gbè é lẹ́sẹ̀, kí ó padà wá kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.